Ṣọ́bìrì Lórí Odi Òkun

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Ẹni tó pa á lówe ò tíì sun Aldewier mọ́jú,
níbi tí òkun ti ga ju àjà ilé lọ,
tí màlúù ń jẹko nísàlẹ̀ ibi tí ẹja ń wẹ̀.
Odi amọ̀ kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ìjì dìde láti inú òkun.
Àwa mẹ́rin ni wọ́n yàn sí ìṣọ́:
fìtílà méjì, ọgọ́rùn-ún àpò iyanrìn, kọfí nínú fíláàsì.
Ìwé owó odi ti ọdún náà wà lápò Douwe,
òun ló fa ọ̀rọ̀.

"Ta ló fi wọ́n jẹ olórí? Ẹ dá mi lóhùn.
Ọlọ́ṣà gẹṣin wá, ó kó màlúù babańlá mi lọ.
Lọ́dún kejì ó rò ó wò: bí mo bá kó o tán, kí ni n ó kó lẹ́ẹ̀mẹta?
Ló bá jókòó. Ó kọ́lé olókùúta.
Ó ní òun ń ṣọ́ wa kí ọlọ́ṣà mìíràn má baà wọlé.
Olè tó pẹ́ nílé ló di ọba,
ohun tó ń jí tẹ́lẹ̀ ló sọ di owó orí."

Gosse, ẹni ọgọ́rin ọdún, kò gbójú sókè.
"Èmi ò bẹ̀rù ọlọ́ṣà. Ìwọ ni mò ń bẹ̀rù, Douwe.
Lóru bí irú èyí, bí kò bá sí ẹni tí à ń wárìrì fún,
o ó yọ́ gbẹ́ odi tèmi
kí tìrẹ lè gbẹ.
Má bínú. Èmi náà á gbẹ́ tìrẹ.
Ìdí nìyẹn tá a fi wá ẹnìkan tó lè na àwa méjèèjì."

Tjitske olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín.
"Ẹ̀rù nìkan? Ẹ̀rù kì í ru amọ̀.
A jókòó, a sọ ọ́. Báwo loko rẹ ṣe tó? Ẹsẹ̀ bàtà mélòó lo máa tọ́jú?
Ẹni tágbára rẹ̀ bá tán, kó gún ṣọ́bìrì rẹ̀ mọ́ odi,
kó mú ìyàwó àtọmọ, kó máa lọ.
Ẹni tó bá fà á yọ ló nilẹ̀, òun náà ló ni gbèsè.
A ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Àdéhùn ni."

Mo dákẹ́.
Mo rántí Reinou, ìyá ìyá mi,
tí kò nílẹ̀, tí kò ní ṣọ́bìrì tara rẹ̀,
tó ru amọ̀ odi yìí títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ kọdọrọ.
Nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń sọ ọ́, ta ló pè é?
Àga wo ni wọ́n gbé fún un?
Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi
nígbà tí Gosse gbọ́wọ́ sókè: "Ẹ gbọ́."

Kì í ṣe ìró ńlá.
Ó dà bí ìkòkò tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó lókèèrè.
Lẹ́sẹ̀ odi, níhà ọ̀dọ̀ wa, omi ń yọ,
ó dúdú, ó ń ru iyanrìn bọ̀.

A ò bi ara wa ta ló fi ta jọba.
Douwe ló kọ́kọ́ sáré sọ̀kalẹ̀, ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ̀ kan.
Àpò. Àpò. Àpò. Gosse ń kà á, ó ń ṣì í kà.
Tjitske dùbúlẹ̀ gbalaja lé ihò náà lórí
kí àpò tó kàn tó dé.
Àwọn tá ò pè ń jáde bọ̀ nínú aṣọ oorun.

Ilẹ̀ mọ́. Odi dúró.
Douwe tún yọ ìwé owó odi, ó ti rin gbingbin.
Ó ní, "Síbẹ̀síbẹ̀, olè ni wọ́n."
Gosse ní kó lọ wá bàtà rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó jí i.

Èmi rí ṣọ́bìrì kan tí wọ́n gún mọ́ orí odi,
n ò mọ ẹni tó ni ín.
Bóyá ẹni tó ti rẹ̀ ló fi í sílẹ̀,
bóyá ẹni tó kàn lọ mu kọfí.
Mo nawọ́ sí i.
Mo dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi lórí igi rẹ̀,
òkun ń mí lẹ́yìn mi bí ẹran ńlá tó sùn.